Oyin Tó Fẹ́ Da Ìgbéyàwó Òdòdó Rú

Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ pé Ìyá Alápò ti lé ọkọ rẹ̀ síta, ó sì ti fẹ́ òdòdó. Ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí, wọ́n tiẹ̀ fi kún un pé òdòdó náà ga ju ọkọ lọ, kì í sì í hanrun.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́ tán. Ilé ìwádìí irúgbìn ni obìnrin yìí ti ń ṣiṣẹ́, nínú yàrá onígíláàsì tó móoru bí inú ìkòkò. Kánólà ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀, ewéko olódòdó yẹ́lò tí wọ́n ń fún epo lára hóró rẹ̀. Ewéko ìyá kan wà níbẹ̀ tó lépo bí nǹkan míì, àmọ́ bí èèpo rẹ̀ bá ti gbẹ báyìí, á bẹ́, á da gbogbo hóró sílẹ̀ kí olóko tó dé. Ewéko bàbá kan wà tí epo rẹ̀ ò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ahun ni, èèpo rẹ̀ kì í tú. Ìyá Alápò ló ń so wọ́n pọ̀. Á fi ẹ̀mú tẹ́ẹ́rẹ́ yọ akọ inú òdòdó ìyá kó tó tanná, á fi àtíkè òdòdó bàbá kùn ún, á wá fi àpò bébà bò ó kí àlejò kankan má yọjú. Àpò yẹn ló sọ ọ́ lórúkọ.

Ọ̀gá ibi iṣẹ́ sì ti wí: bí àwọn ọmọ ò bá jẹ́ ti bàbá yìí, àwọn onítòmátì ló máa gba yàrá náà.

Àfi bí ọkọ rẹ̀ ṣe jẹ́ ẹni tó ń sin oyin. Ó gbé oúnjẹ wá fún ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín kí àpò tó bo òdòdó, kòkòrò oyin kan sì gúnwà sórí fìlà rẹ̀ bí ọba. Kòkòrò náà fò tààrà sórí òdòdó ìyá, bóyá pẹ̀lú àtíkè òdòdó ìta lẹ́sẹ̀. Igbe tí obìnrin náà ké, wọ́n ní gíláàsì sán. Láti ọjọ́ náà, ilé àbúrò rẹ̀ ni ọkọ ń sùn.

Nígbà tí hóró hù, àwọn ará yàrá ẹ̀rọ já ewé bíńtín lára ọmọ kọ̀ọ̀kan láti yẹ àbùdá tó jogún wò. Ìyá Alápò dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń rọbí. Ọmọbìnrin tó ń yẹ ewé náà wò jáde sí i.

"Mà, bàbá wọn ni bàbá wọn. Gbogbo wọn pátá. Èèpo wọn ò ní í tú. Oyin yẹn kàn wá ṣeré ni."

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ jó títí bàtà fi yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà ni Ìyá Alápò lọ mú ọkọ rẹ̀ wálé. Bí wọ́n ṣe dé iwájú ṣọ́ọ̀bù onídìrí, ó yà wọlé, ọkọ gbé ẹrù tẹ̀lé e. Ìyá Alápò dojú kọ wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin aládùúgbò mi, bí ẹ bá ń sọ ọ́, ẹ sọ ọ́ dáadáa. Mi ò fẹ́ òdòdó, alárinà ni mí. Mi ò sì lé ọkọ mi. Oyin ni mo lé. Ọkọ mi ló sáré tẹ̀lé ohun ọ̀sìn rẹ̀."