Ọjà Ọrọọrún Tí Olúbáyọ̀ Rí Lára Pátákó

Ní ọdún 1999, Olúbáyọ̀ ti pé ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta. Ó ti lo ọdún mẹ́rìndínlógún gẹ́gẹ́ bí planton, ìyẹn ìránṣẹ́, ní ọ́fíìsì kan ní Plateau, níbi tí wọ́n ti ń bá àwọn èèyàn ra ìpín nínú ilé iṣẹ́ ńláńlá, tí wọ́n sì ń bá wọn tà á. Òun ló ń gbé ìwé káàkiri, òun ló ń po kọfí ọ̀gá, òun náà ló sì ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye tí ìpín kọ̀ọ̀kan jẹ́ sára pátákó dúdú tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni ọjà ìpín ń jókòó: lundi, mercredi, vendredi, ìyẹn Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti Ọjọ́ Ẹtì. Bí ìjókòó bá ti parí, Ignace akọ̀wé á gbọ́ iye owó lórí tẹlifóònù, á máa kà á síta, Olúbáyọ̀ á nu ti tẹ́lẹ̀ kúrò, á kọ ti òní.

Ọdún mẹ́rin péré ló lò nílé ìwé, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kì í dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ní ìwé kékeré kan tó ń da àwọn iye owó náà kọ sí, nítorí ó ti ṣàkíyèsí ohun kan tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Kì í ṣe ìlú elédè Faransé yìí ni wọ́n ti bí i, abúlé kan lẹ́yìn Ejígbò ni, ibi tí ọjà wọn jẹ́ ọrọọrún. Ní kékeré, ó máa ń ru ìkòkò tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ sí ọjà náà. Òjò ni o, ọ̀gbẹlẹ̀ ni o, ọjà á ná lọ́jọ́ rẹ̀. Àfi bí ọba bá wàjà nìkan ni wọ́n ń sún un síwájú. Ohun tó wá rí lára pátákó nìyí: ìpín ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan ní Vridi ń gbówó lórí ní ìjókòó karùn-ún karùn-ún, bí a bá ka ọjọ́ ọjà fúnra rẹ̀ mọ́ ọn bí wọ́n ti ń kà á nílé. Láti oṣù septembre, ọjà mẹ́wàá ló ti kọjá. Méje bọ́ sí i gẹ́lẹ́. Mẹ́ta tí kò bọ́ sí i, ó ní àlàyé fún wọn: ọ̀kan bọ́ sí ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì, ọ̀kan bọ́ sí ọjọ́ òjò ńlá, ìkẹta kò ní ìdí kankan. Fún ìyẹn, ó sọ nínú ara rẹ̀ pé, “Ọba wàjà lọ́jọ́ yẹn ni.”

Ìyàwó rẹ̀ ni Solange, tí àwọn òbí rẹ̀ ti Àjàṣẹ́ wá. Aránṣọ ni nínú ọjà Marcory. Ní òpin ọdún 1998 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èjìká kọlu férémù ilẹ̀kùn nínú ilé tí wọ́n ti ń gbé ní Boribana fún ọdún mọ́kànlá. Dókítà wo ojú rẹ̀ méjèèjì, ó ní omi inú wọn ń tì wọ́n pa láti inú. Ó ní kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ kí oṣù mars tó parí. Huguette ọmọ wọn, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ló gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú Faransé fún ìyá rẹ̀: “Ó ní èyí tó ti lọ, kò ní padà. Kí wọ́n dá èyí tó kù dúró ni.”

Owó ojú kan ló wà nílé.

“Ẹ jẹ́ ká ṣe ọ̀kan ná,” ni Solange wí. “Bàbá Huguette, ojú kan ò kéré.”

“Ojú kan kọ́ ni mo bá lára rẹ nígbà tí mo fẹ́ ọ.”

“Ẹni tí yàrá rẹ̀ méjì ń jó, tó wá rí omi garawa kan, ṣé á gbé e dání, á máa dúró de garawa kejì?”

“Mo mọ ọjọ́ tí garawa kejì ń bọ̀.”

Ó mú ìwé kékeré náà wá. Solange gbé e súnmọ́ imú, ó yí i sí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà, ó sì nà án sí ọmọ rẹ̀. “Kà á fún mi.”

“Maman, chiffres nìkan ni, nọ́ńbà lásán.” Huguette wo bàbá rẹ̀. “Papa, tí kò bá wá monter ńkọ́?”

“Á gòkè. Ọjà mẹ́sàn-án ló wà láàárín òní àti ìparí mars. Bí mo bá ń rà á nígbà tó wálẹ̀, tí mo ń tà á lọ́jọ́ ọjà, tí mo tún ń rà á padà, owó ojú kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ti méjì. Mo ti ṣírò ó.”

Solange kò gbà, kò kọ̀. Ọkọ rẹ̀ gbà pé ó gbà.

Ignace ló kọ ìwé rírà náà. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n Treichville ni wọ́n bí òun sí, ó sì ti ka ìwé owó ní yunifásítì. Ó dá bíírò dúró lókè ìwé náà.

“Tonton, iye owó kò ní ìrántí. Kò mọ ibi tó sùn lánàá.”

“Ìwọ ọmọ Treichville, ta ló mú ọ lọ sọ́jà rí?”

“Ó kéré tán mo mọ̀ pé ohun tí ẹ ń kà ní márùn-ún yẹn, mẹ́rin ni.”

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Olúbáyọ̀ fọwọ́ sí i.

Ọjà kìíní kò yí padà. Ọjà kejì wálẹ̀. Ní ìkẹta, ó tún wálẹ̀ sí i, Olúbáyọ̀ sì ní ọba wàjà. Lọ́jọ́ kejì, Ignace fún un ní ìwé kan tí a fi ogójì àmì sí: ó gòkè, ó wálẹ̀, ó wálẹ̀, ó gòkè.

“Ilé iṣẹ́ mìíràn nìyí, Tonton. Ẹ bá mi wá ọjọ́ ọjà rẹ̀.”

Olúbáyọ̀ gbé e lọ sórí àpótí ìjókòó rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ fótókópì. Kò jẹun ọ̀sán. Nígbà tó padà, ojú rẹ̀ ń dán.

“Ìjókòó kẹta kẹta ni ti eléyìí! Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ló yẹ̀. Ilé iṣẹ́ wo ni?”

Ignace yọ ọgọ́rùn-ún faransi onírin kan, ó gbé e sórí tábìlì. “Kò sí ilé iṣẹ́ kankan. Owó yìí ni mo jù ní ogójì ìgbà gééré. Bí ìhà nọ́ńbà bá hàn, mo kọ pé ó gòkè. Bí kò bá hàn, ó wálẹ̀.”

Olúbáyọ̀ ti owó náà padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

“Ìwọ lo jù ú,” ló wí. “Ọwọ́ rẹ ló ní ọjọ́ ọjà.”

“Tonton, ẹ jọ̀ọ́.”

Ó mú owó náà. Ó jù ú fúnra rẹ̀ sórí àpótí, ogójì ìgbà, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Kó tó di aago mẹ́ta, ó ti rí ọjà mìíràn, ó hàn kedere, nínú ohun tí ọwọ́ òun alára jù. Ìgbà náà ló dìde lọ bá Ignace.

“Tà á,” ló wí. “Bá mi tà á lónìí.”

Ignace kọ ìwé títà. Kò sí ẹni tó rà. Lundi, kò sí. Mercredi, kò sí. Iye owó náà sì wà lára pátákó gedegbe, Olúbáyọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń tún un kọ. Ó bi Ignace léèrè bí ohun tó ní iye ṣe lè máà ní olùrà, Ignace sì sọ fún un pé iye tí wọ́n san gbẹ̀yìn ni wọ́n ń kà lórí tẹlifóònù. Ó lè jẹ́ pé ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n san án.

Nígbà tó sọ ọ́ nílé, Solange gbọ́ ọ tán. Ogún ọdún ló ti lò nínú ọjà.

“Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ pé iye tó jẹ́ nìyẹn?”

“Èmi ni.”

“Ta ló ń rà á ní iye yẹn?”

“Kò sí.”

“Ní Marcory, a kì í pe ìyẹn ní iye owó, Bàbá Huguette. Ariwo lásán ni.”

Olúbáyọ̀ ṣí ìwé kékeré rẹ̀ lákọ̀tun. Iye owó ló wà níbẹ̀ láti òkè délẹ̀. Kò kọ bí ìpín tí wọ́n rà ti pọ̀ tó sílẹ̀ rí, kódà lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ sì ni Ignace ń kà á síta ní gbogbo ìjókòó tẹ̀ lé iye owó. Ọmọ ẹni tó ń ta ìkòkò ni. Láti kékeré ló ti mọ̀ pé kí a tó béèrè iye tí wọ́n ń pè é, a máa ń béèrè bóyá ọjà ń lọ.

Mars parí. Ẹnì kan rà á láàárín avril, ní iye tó kéré sí ti pátákó. Àwọn ará ìjọ fi díẹ̀ kún un, owó náà padà di ti ojú kan, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn, Solange yí orí sí ibi tó gbọ́ èémí ọkọ rẹ̀.

“Owó onírin Ignace yẹn, ṣé ó ṣì wà lọ́wọ́ yín?”

“Kí lo fẹ́ fi ṣe?”

“Ẹ jù ú. Ká mọ èyí tó máa kù nínú méjèèjì.”

Ó wà nínú àpò rẹ̀. Ó fọwọ́ bò ó, kò yọ ọ́ jáde. Wọ́n pè wọ́n wọlé. Dókítà tan iná kékeré sí ojú ọ̀tún, Solange ò ṣẹ́jú. Ojú yẹn ti lọ, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè yàn mọ́. Ojú òsì ni wọ́n ṣe, ìríran tó sì kù nínú rẹ̀ kò tó èyí tó wà níbẹ̀ ní janvier.

Ní oṣù juin, ìpín ilé iṣẹ́ ọṣẹ Vridi gòkè ní ìjókòó mẹ́ta tó tẹ̀ léra, ó sì kọjá iye tí Olúbáyọ̀ rà á. Ignace ka nọ́ńbà náà ní ohùn kékeré. Olúbáyọ̀ kọ ọ́, ó ní kó ka èyí tó tẹ̀ lé e.

Láràárọ̀, kó tó lọ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Plateau, ó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á ki òwú bọ abẹ́rẹ́ méjìlá, dúdú mẹ́fà, funfun mẹ́fà, á gún wọn mọ́ aṣọ kan ní títò. Solange á fi ọwọ́ kà wọ́n. Bí ó bá lo méjìlá tán kí ọ̀sán tó pọ́n, iṣẹ́ tán nìyẹn títí Huguette á fi dé.