Ojú-Ìwé Tí Mo Ṣí

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni. Èmi àti ọ̀gá ilé-ìwé, pẹ̀lú obìnrin olùbẹ̀wò tí ìjọba rán wá, àti àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin la wà nínú yàrá tó ń rùn fún ọ̀dà tuntun. Abúlé wa kò jìnnà sí Akínyẹlé, ẹ̀gẹ́ la ń gbìn. Ìjọba ti fún wa lówó òrùlé àti ọ̀dà. Owó kejì, ti bẹ́ǹṣì àti tíṣà kan sí i, kò ní í jáde àfi bí olùbẹ̀wò bá fetí ara rẹ̀ gbọ́ pé àwọn ọmọ ń kàwé.

Èmi ni alága ìgbìmọ̀ òbí. Kò sí páánù tó gun òrùlé yẹn tí kò kọjá lójú mi. Ṣùgbọ́n n kò jókòó nínú kíláàsì rí kí n gbọ́ bí ọmọ kan ṣe ń kàwé. Mo gbà pé iṣẹ́ tíṣà nìyẹn.

Ọmọbìnrin tó máa ń pọnmi fún mi láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ó fìka sábẹ́ ọ̀rọ̀, ó ń kà á geere: “Ewúrẹ́ wa bí ìbejì. Ọ̀kan dúdú, ọ̀kan funfun.” Olùbẹ̀wò rẹ́rìn-ín músẹ́, ó yíjú sí mi. “Baba Alága, ṣé ẹ̀yin náà ò ní í dán ọmọ yìí wò ni?”

Orí mi wú. Mo gbàwé náà, mo ṣí i síbi tí wọ́n ya ọkọ̀ akẹ́rù sí; mo fẹ́ kí àlejò mọ irú ọmọ tá a ní. Ọmọ náà wò mí. Ó fìka sábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù, ó ní, “Ewúrẹ́ wa bí ìbejì.” Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rò pé ó fẹ́ ìrànlọ́wọ́, ni gbogbo kíláàsì bá gbè é lẹ́yìn bíi ti ilé-kéú: “Ọ̀kan dúdú! Ọ̀kan funfun!”

Olùbẹ̀wò rọra pa ìwé náà dé. “Ẹ má bínú, Baba. Owó yìí á dúró ná.”

Nígbà tó lọ tán, ọ̀gá ilé-ìwé ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, Baba Alága. Èmi nìkan ni mò ń kọ́ kíláàsì mẹ́ta pọ̀. Tíṣà tí mò ń retí lẹ bá mi lé lọ yẹn.”

Títí dòní, n kò bá olùbẹ̀wò yẹn wí. Ta ló fẹ́ kówó ìlú wọlé kọ́mọ má mọ̀wé? Ohun tó ń dùn mí ni pé èmi tí wọ́n ní kí n ṣọ́ owó náà, òrùlé nìkan ni mo ṣọ́. Mo ti hu irùngbọ̀n kí n tó wọ ilé-ìwé. Mo mọ bí ènìyàn ṣe ń fara pamọ́ sínú ohùn ẹgbẹ́. Síbẹ̀ n kò fetí sílẹ̀ títí di ọjọ́ tí mo fojú ọmọ ọlọ́mọ gbolẹ̀ níwájú àlejò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ náà kò gbé omi wá fún mi. Mo yà nílé ọ̀gá, mo tọrọ ìwé náà. Ó nà án sí mi. Ọmọ náà ń bó ẹ̀gẹ́ níwájú ilé wọn, kò wojú mi. Mo jókòó tì í, mo ṣí ibi ọkọ̀ akẹ́rù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Mò ń kọsẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ gígùn, n kò sì fi pamọ́ fún un. Nígbà tó yá, ó fọ̀bẹ sílẹ̀, ó sún mọ́ mi láti wo ibi tí mo há sí.