Àlàfo tí Bàbá Àlàfo Fi Sílẹ̀

Bí a bá dárúkọ Bàbá Àlàfo tí a jọ ṣiṣẹ́, ìtàn bẹ́ǹṣì ni gbogbo wa kọ́kọ́ máa ń sọ, ẹ jẹ́ kí èmi náà bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ọ́fíìsì wa ló ń pín ìgbì afẹ́fẹ́ tí ohùn fóònù ń gbà kọjá fún àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù. Bí Bàbá bá ti pín in fún ilé-iṣẹ́ méjì, á fi àlàfo díẹ̀ sáàárín wọn tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lò, kí ohùn ọ̀kan má baà ya wọ inú tèkejì. Ni ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó tóbi jù bá ní kí wọ́n fi àlàfo náà kún tòun. Ilé-iṣẹ́ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé òun ti kógbá sílé nìyẹn. Oníbàárà wo ló fẹ́ fóònù tó ń kùn bí oyin?

Lọ́jọ́ ìpàdé, Bàbá ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó wọ́ bẹ́ǹṣì kan wọlé, ó ní kí ọ̀gá méjèèjì jókòó ní èjìká kan èjìká, ó sì fún oníkálukú ní ìwé ìròyìn.

“Ẹ jọ kà á sókè. Ẹni tó bá lè sọ ohun tí ẹnìkejì rẹ̀ kà, òun ló ni àlàfo.”

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Èyí gbé ohùn sókè, ìyẹn náà gbé tiẹ̀ sókè, títí dẹ́rẹ́bà ọ́fíìsì wa fi rò pé ìjà ni, tó sáré wọlé wá làjà.

“Kí ló kà?” Bàbá bi ọ̀gá ńlá.

“Mi ò gbọ́ tèmi gan-an, ká má tíì sọ tiẹ̀.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀.”

Àlàfo dúró sáyè rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kékeré náà ṣì ń bẹ dòní.

Àṣà náà bá a délé. Nínú fọ́tò ìgbéyàwó ọmọ wọn, àyè tó wà láàárín òun àti ìyàwó rẹ̀ gba kẹ̀kẹ́. Lórí ibùsùn pàápàá, ìrọ̀rí gígùn kan ló fi pààlà. Láàárọ̀, ìyàwó á gbé e kúrò. Lálẹ́, ọkọ á dá a padà.

“Bàbá àwọn ọmọ, ṣé ilé-iṣẹ́ fóònù lèmi náà ni?”

“Ìyá wọn, ìwọ ń hanrun, èmi ń hanrun. Bí kò bá sí àlàfo, ta ni yóò gbọ́ tiẹ̀ yékéyéké?”

Bàbá ti jáde láyé báyìí, àárò rẹ̀ sì ń sọ wá gidigidi. Nígbà tí mo lọ kí ìyàwó rẹ̀, mo bá ọ̀gá ńlá ọjọ́sí, tí òun náà wá kí i, ní pálọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, lórí àga gígùn kan náà.

“Ẹ kú àfaradà, Mà. Ẹ ń rí oorun sùn ṣá?”

“Mò ń rí i sùn. Gbogbo ibùsùn ti di tèmi, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ mi náà ni mo ṣì ń sùn sí. Ìrọ̀rí yẹn wà láàárín. Láàárọ̀, mi ò lè gbé e kúrò mọ́.”

Ọ̀gá ńlá rẹ́rìn-ín. Mo wá àyè láti jókòó. Àyè kan ṣoṣo ló kù lórí àga náà, láàárín àwọn méjèèjì. Mo lọ jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà.