Wọ́n Ní Àǹtí Gọ́ọ̀mù Ní Ara Òun Le

Àǹtí Gọ́ọ̀mù kú ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn tí ọdún kan pé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọjọ́ mọ́kànlá yẹn sọ́kàn, nítorí ojú rẹ̀ rí màbo kó tó rí wọn. Orí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló kú sí. Màmá rẹ̀, tí ojú wọn ti fọ́ láti ọdún mẹ́fà, jókòó tì í, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọn ò sì mọ̀ pé ọmọ ti lọ. Wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀ lọ. Ìgbà tí obìnrin tó ń wá ràn wọ́n lọ́wọ́ wọlé ni Màmá tó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́ wọn.

Kì í ṣe ikú yẹn ni mò ń bá jà. Dókítà ti sọ fún wa pé ó ń bọ̀. Ohun tí wọ́n ṣe fún un lẹ́yìn tó kú tán ni ò jẹ́ kí n fojú kan oorun.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí lè má mọ̀ ọ́n, àmọ́ ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà nílé yín. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló fi ń di ìwé ní ẹ̀yìn ilé ìtẹ̀wé wa, nínú yàrá kan tí kò ní ju tábìlì gígùn, ẹ̀rọ ìgéwé àti fèrèsé kan. Àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ ìròyìn nígbà náà la sọ ọ́ ní Gọ́ọ̀mù, torí kò sí bí ẹ ṣe lè bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ tí ìka rẹ̀ ò ní lẹ̀ mọ́ tiyín. Kò bínú sí i. Ó ní orúkọ tó bá ti lẹ̀ mọ́ èèyàn, kó jókòó síbẹ̀. Ohun tó máa ń bí i nínú ni kí èèyàn gbé ìwé tí ojú ewé kan ti sọnù nínú rẹ̀ wá, kó ní kó bá òun dì í bẹ́ẹ̀. Á dá a padà kíá. "Mi ò lè bá ẹ rán irọ́ pọ̀," ló máa ń sọ.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wá pè ní òpùrọ́.

Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé jẹjẹrẹ ti wọ inú ẹ̀dọ̀ rẹ̀, pé oògùn tó kù ò ju èyí tó ń dín ìrora kù lọ, ó wá sí ọ́fíìsì mi, ó jókòó, ó ń fi èékánná ha gọ́ọ̀mù gbígbẹ kúrò ní àtẹ́lẹwọ́. "Akọ̀wé," ó ní, "èmi ò bẹ̀rù àtilọ. Ta ló máa mú Màmá lọ́wọ́ dé balùwẹ̀?" Ohun tó fẹ́ ò ju kí obìnrin tó ń wá ran Màmá lọ́wọ́ lè máa wá lọ, kí ẹnikẹ́ni má sì lé Màmá jáde nínú yàrá tí wọ́n ti mọ gbogbo igun rẹ̀ dunjú. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá inṣọ́ránsì kiri pẹ̀lú àìsàn lára.

Ilé-iṣẹ́ adójútòfò àkọ́kọ́ ò jẹ́ kó jókòó. Ìkejì ní kó lọ gbàdúrà. Ìkẹta, tí mi ò ní dárúkọ lónìí nítorí pé agbẹjọ́rò wa ní kí n ṣe sùúrù, ní àwọn máa ń gba ẹni tí àìsàn ti ń ṣe. Wọ́n ní kó ṣáà sọ òótọ́, kó máa san ju bí ẹlòmíì ṣe ń san lọ, kó má sì kú kí ọdún kan tó pé. Tó bá kú ṣáájú ìgbà yẹn, ohun tó san nìkan ni wọ́n máa dá padà. Tó bá kọjá ọdún, àwọn á máa bójú tó Màmá títí dọjọ́ ikú wọn.

Èmi ni mo bá a jókòó ti fọ́ọ̀mù náà, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Nígbà tí a dé ibi tí wọ́n ti béèrè àìsàn, mo fẹ́ kọ "inú rírun" kó má baà le jù létí wọn. Ó gba bírò lọ́wọ́ mi. "Akọ̀wé, bó ṣe ń jẹ́ la máa kọ ọ́." Ó kọ jẹjẹrẹ gàdàgbà, tó bẹ́ẹ̀ tó fi yọ jáde nínú àpótí tí wọ́n ní ká kọ ọ́ sí. Kò sì fọkàn tán pínnì. Abẹ́rẹ́ àti òwú ló fi rán ìwé dókítà mọ́ fọ́ọ̀mù náà, ó ní kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun ò rí i.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọdún náà fà á nìyẹn. Ó gbé kàlẹ́ńdà kọ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n nítorí Màmá, kò fi bírò sàmì sí i. Àràárọ̀ ló ń fi abẹ́rẹ́ ńlá tó fi ń di ìwé lu ihò sí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, Màmá á sì fi ìka kà á. Nígbà tó yá, ọwọ́ rẹ̀ ò lágbára tó mọ́, Màmá ló ń bá a tẹ abẹ́rẹ́ náà wọlé. Ọjọ́ tí ọdún pé, inú àwọn méjèèjì dùn bí ìgbà tí ọmọ ṣàṣeyege nínú ìdánwò. Lẹ́yìn náà, wọ́n lu ihò mọ́kànlá sí i.

Lẹ́yìn tó kú, mo lọ bá ilé-iṣẹ́ adójútòfò náà nítorí owó Màmá; àjà kẹta ni ọ́fíìsì wọn wà. Mo bá ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn olóògbé lẹ́yìn tábìlì rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, imú rẹ̀ ń ṣàn, ikọ́ sì ń yọ ọ́ lẹ́nu. Mo bi í pé ṣé ara le. Ó ní ara le, a dúpẹ́. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn náà wà lọ́kàn yín.

Ó ní òun fẹ́ kí n gbọ́ nǹkan kan. Ó tẹ bọ́tìnnì kan, ni ohùn òkú bá gba gbogbo inú yàrá.

"Ẹ káàárọ̀, Mà. Láti ilé-iṣẹ́ adójútòfò yín ni. Ṣé ara le?"

"Ara le, a dúpẹ́. Ṣé dáadáa lẹ jí?"

Ó parí. Oṣù kẹta tó forúkọ sílẹ̀ ni wọ́n pè é. Ọ̀gá nu imú rẹ̀, ó ní, "Ẹ ti fetí ara yín gbọ́ ọ. Nínú fọ́ọ̀mù, àìsàn ń ṣe é. Lórí fóònù, ara le. Ẹni tó bá sọ ọ̀rọ̀ méjì lórí ìlera rẹ̀, àdéhùn rẹ̀ ti bàjẹ́." Fọ́ọ̀mù náà wà níwájú rẹ̀, ìwé dókítà ṣì wà lára rẹ̀ gbọin-gbọin, òwú Àǹtí Gọ́ọ̀mù ò tíì já. Mo rán an létí ohun tí òun fúnra rẹ̀ dá mi lóhùn nígbà tí mo wọlé. Ó ní ìyẹn yàtọ̀, ìkíni nìyẹn.

Mo wá ọmọbìnrin tó pè é rí. Ó ti kúrò níbẹ̀, tábìlì ìgbàlejò ní ilé onídìrí kan ló wà báyìí. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán tí omi fi lé ròrò lójú rẹ̀. "Kíkí ni mo kí wọn, sà. Wọ́n ní ohun tí oníbàárà bá kọ́kọ́ sọ nípa ara rẹ̀ ni ká kọ sílẹ̀." Ta ló pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀? Ta ni nínú wa, láti kékeré, tí wọ́n kí ní àárọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àbájáde àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ? Ọmọlúàbí obìnrin kan dáhùn bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, ẹ wá fi ẹ̀kọ́ ilé rẹ̀ dè é. Òkú mélòó ló tún wà nínú ẹ̀rọ yín tó ń sọ pé ara òun le?

Láti ọjọ́ náà, ohùn yẹn ò kúrò létí mi. Mo ń gbọ́ ọ nínú yàrá ìdìwé, níbi tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ kan ṣì wà nínú ìwé atúmọ̀-èdè kan tí kò rí rán tán, tí ẹnikẹ́ni ò sì fẹ́ fọwọ́ kàn. Àwọn èèyàn ń bi mí ní géètì pé ṣé ara le, mi ò sì mọ ohun tí mo lè dáhùn mọ́. Ẹ̀rù máa ń bà mí ni.

Mo lọ sọ fún Màmá, mo rò pé Màmá á gbé àwọn ará àjà kẹta ṣépè. Wọ́n ń fi ìka wá nǹkan kiri lára kàlẹ́ńdà. Wọ́n wá ní, "Ohùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn? Bá mi bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n jẹ́ kí n gbọ́ ọ." Mo kọ̀wé. Wọ́n fèsì láàárín ọjọ́ méjì, bí wọn ò tilẹ̀ yára bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ní ohun ìní ilé-iṣẹ́ ni ohùn náà, àwọn ò lè gbé e fún ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn. Ìyá tó bí i ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Onílé sì ti fún Màmá ní àsìkò títí di ìparí oṣù yìí kí wọ́n kó jáde.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ wà ní àjà kẹta, ẹ dárúkọ ẹni tó ní kí ẹ máa fi ìkíni ṣe ẹ̀rí. Ẹ mú àdéhùn Àǹtí Gọ́ọ̀mù ṣẹ, kí ẹ sì fún Màmá ní ohùn ọmọ wọn. Kí ìjọba tó fún yín níwèé àṣẹ wá tú gbogbo ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀ wò, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, èmi àti Màmá ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, kàlẹ́ńdà náà á sì wà lọ́wọ́ wọn. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà lẹ́kọ̀ọ́ ilé, ẹ ò ní ṣàì bi wọ́n pé ṣé ara le. Màmá ti sọ ìdáhùn wọn fún mi. Wọ́n ní àwọn á sọ fún yín pé ara ò le.

Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀.