Ta Ni Ń Jẹ́ Ṣógbọ́?

Ọmọkùnrin méjì ni Ọlọ́run fún mi. Lọ́dún tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, àbúrò rẹ̀ sì jẹ́ márùn-ún. Paynesville, ní orílẹ̀-èdè Liberia, la ń gbé, nínú ilé oníyàrá méjì tí irà wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Ọmọ ibẹ̀ ni bàbá wọn. Tírélà ló ń wà, láti Point Four nítòsí èbúté lọ sí àwọn ìlú tó jìnnà, nítorí náà a kì í rí i ju ọjọ́ mẹ́rin lọ lóṣù. Èmi ń rán kọ́tìnì ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Benson Street.

Àwọn ọmọ yẹn ní ìlú tiwọn. Ògbólógbòó táǹkì omi kan tó ti sán wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, tí onílé yí síbẹ̀ tí kò kó mọ́. Inú rẹ̀ ni ìlú náà wà. Ẹ̀gbọ́n ni ààrẹ ibẹ̀. Àbúrò ni pásítọ̀, òun náà ni awakọ̀ kèké, òun náà sì ni dókítà tó ń fi ewé wo bàtà tí ara rẹ̀ kò bá yá. Wọ́n ní òjò ibẹ̀ kì í tutù. Wọ́n ní ẹni tó bá kú níbẹ̀, ilé ìwé ló lọ, tí wọ́n bá ti jáde yóò padà wálé.

Ìlú náà ní ọ̀tá kan. Ṣógbọ́ ni wọ́n ń pè é. Mo máa ń gbọ́ tí ọ̀kan á ké pé Ṣógbọ́ ń bọ̀, àwọn méjèèjì á sáré wọ inú táǹkì, wọ́n á fi páálí dí ẹnu rẹ̀, wọn ò ní mí. Mo rò pé iwin kan tí wọ́n ń sọ ìtàn rẹ̀ nílẹ̀ Liberia ni. Mo tilẹ̀ bi ìyá àgbà tó ń gbé ilé kejì, ẹni tó ń bá mi mójú tó wọn títí màá fi ti ibi iṣẹ́ dé. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun, òun kò gbọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ rí.

Ó yẹ kí n sọ bí èmi fúnra mi ṣe rí nígbà náà. Ọdún tó ṣáájú ni ìyá mi kú ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìwé ìrìnnà mi ti kọjá àkókò, kí òmíràn tó jáde, wọ́n ti sin ìyá mi. Ìyá mi nìkan ni mo ń bá sọ Yorùbá lójoojúmọ́, lórí fóònù, tí mo bá ń dáná alẹ́. Ọkọ mi kò gbọ́ ọ. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, níbi tí àwọn ará Nàìjíríà pọ̀ sí, a máa ń fi Yorùbá kí ara wa lẹ́yìn ìsìn, kò ju ìyẹn lọ. Nígbà tí ìyá mi lọ, èdè náà há sí mi lọ́fun. Mi ò sunkún tó bó ṣe yẹ. Ìbínú ni ẹkún náà dà.

Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń bá àwọn ọmọ sọ tí ara bá tù mí. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá da omi sílẹ̀, tàbí tí wọ́n sọ bàtà nù, tàbí tí wọ́n kàn rẹ́rìn-ín nígbà tí orí ń fọ́ mi, Yorùbá ló ń tú jáde. Màá di etí ọ̀kan mú, màá ní, "Jókòó síbẹ̀. Mi ò fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ mọ́ lónìí. Ṣé o gbọ́? Ṣé o gbọ́?" Nígbà mìíràn ẹgba á tẹ̀ lé e. Mi ò mọ̀ pé ohun tí mò ń sọ jù lọ nínú ilé wa nìyẹn.

Ní Ọjọ́rú kan, nígbà òjò, mo dé láti ibi iṣẹ́, mo bá àbúrò nínú pálọ̀, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ ilé ìwé. Mo bi í pé kí ló fi ìbọ̀sẹ̀ ṣe nínú ilé. Ẹ̀gbọ́n ló dáhùn kíá, ó ní òtútù ń mú un. Mo gbà á gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n ní òun ni òun máa wẹ̀ fún un, mo sì yìn ín pé ó ti ń dàgbà. Ilé dákẹ́ láti ìgbà náà. Kò sí ẹni tó lọ sínú táǹkì. Kí n má purọ́, ìdákẹ́jẹ́ náà tù mí lára. Mo jókòó sórí àga, mo na ẹsẹ̀, mo ní Ọlọ́run ṣeun.

Ìrọ̀lẹ́ Ẹtì ni ìyá àgbà dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ọmọ rẹ kékeré kò fi ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀ látàárọ̀. Mo ní kí n wò ó, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò jẹ́."

Mo wọlé, mo fọwọ́ kan ọmọ náà, ó gbóná bí ààrò. Ìbọ̀sẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni mo fi rẹ ẹ́ kó tó ṣí. Páànù ló ti ya á ní àtẹ́lẹsẹ̀, láti abẹ́ àwọn ọmọ ìka rẹ̀ wá sí àárín. Wọ́n ti gún ewé sí i. Wọ́n fi ègé aṣọ kọ́tìnì tí mo kó wálé dì í, ìdì náà sì mọ́, ó dọ́gba, bíi ti ẹni tó fara balẹ̀. Ó ti wú dé ọrùn ẹsẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà, ó ń rùn.

Mo pọ̀n ọ́n, mo fa ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́, a wọ kèké lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà tí a bá níbẹ̀ kéré lọ́jọ́ orí, ohùn rẹ̀ rọ̀. Bó ṣe ń fọ ojú egbò náà, ó ń bi ẹ̀gbọ́n léèrè ọ̀rọ̀.

"Ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀?"

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún màmá yín?"

Ọmọ náà wo ilẹ̀. "Ṣógbọ́ á gbọ́."

"Ta ni ń jẹ́ Ṣógbọ́?"

 Àbúrò, tí ibà ti ń gbé ojú rẹ̀ yí, ló gbé ìka sókè lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì nà án sí mi. Ó wá sọ ọ́ bí mo ṣe máa ń sọ ọ́, pẹ̀lú ohùn mi gan-an, ní Yorùbá tó dá ṣáká: "Ṣé o gbọ́? Ṣé o gbọ́?"

Dókítà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. Ó wá rí ojú mi, ó sì tẹrí padà sí iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la lò níbẹ̀. Wọ́n gé ọmọ ìka méjì nínú ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kí jíjẹrà náà má bàa gòkè. Ọkọ mi dé lọ́jọ́ kẹrin. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò bú mi. Ó jókòó ti ọmọ, ó wá ní, "Mi ò mọ̀ pé wọ́n ń bẹ̀rù rẹ tó báyìí." Ì bá sàn kó gbá mi létí.

Nígbà tí a padà sílé, mo fẹ́ tún un ṣe. Mo rò pé bí mo bá ń fi Yorùbá sọ̀rọ̀ ìfẹ́ sí wọn, wọ́n á mọ̀ pé èdè náà kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo gbé ẹ̀kọ síwájú àbúrò, mo ní, "Ọkọ mi, jẹun, jẹ́ kó yó ọ dáadáa." Ó gbé ṣíbí sílẹ̀.  Ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé, "Màmá, mi ò ṣe nǹkan kan." Lọ́jọ́ mìíràn mo bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì tí ìyá mi fi ń jí mi ní kékeré. Mi ò tíì dé àárín tí ẹ̀gbọ́n fi ọwọ́ méjèèjì bo àbúrò rẹ̀ létí. Kò wò mí tìbínú tìbínú. Ó kàn ń ṣọ́ mi.

Ni mo bá fi èdè náà sílẹ̀. Tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bá pè mí lórí fóònù láti Nàìjíríà, mo máa ń jáde síta kí n tó gbé e.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, mo rá wọ inú táǹkì yẹn, mo jókòó, mo pè wọ́n. Mo ní èmi náà fẹ́ máa gbé nínú ìlú wọn, mo lè máa gbálẹ̀ fún ààrẹ. Àwọn méjèèjì dúró lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ń wò mí. Ẹ̀gbọ́n bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń tu àgbàlagbà nínú.

"Màmá, kò sí ìlú kankan níbẹ̀. Táǹkì lásán ni."

"Àwọn ará ibẹ̀ ńkọ́?"

"Kò sí ẹnì kankan. Ẹ jáde, ilẹ̀ ibẹ̀ tutù."

Láti ọjọ́ náà, mi ò gbọ́ kí wọ́n dá eré kankan sílẹ̀ mọ́. Ó ti pé ọdún mẹ́ta báyìí. Àbúrò ń tiro díẹ̀. Wọ́n ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé wọn, wọ́n ń fọ abọ́ kí n tó ní kí wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n ń kí mi láàárọ̀, wọn ò sì tún jẹ́ kí ohùn wọn ròkè tí mo bá wà nílé. Mo ń bẹ Ọlọ́run kí wọ́n da nǹkan nù, kí wọ́n fọ́ nǹkan, kí wọ́n jà. Wọn ò jà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ìyàwó pásítọ̀ dì mọ́ mi lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n ní nínú gbogbo ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tèmi ló ń ṣe jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ jù, wọ́n sì fẹ́ kí n wá bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀ lórí bí mo ṣe tọ́ wọn. Àwọn ọmọ méjèèjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ká ọwọ́ sẹ́yìn. Mo ní oore-ọ̀fẹ́ ni, mo sì dúpẹ́.