Ilé Àkúdàáyà ní Màkún

Òórùn obì ló kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ilé náà. Ẹni tó bá dàgbà ní Rẹ́mọ yóò mọ èyí tí mò ń sọ: obì tí wọ́n ti bó, tí wọ́n ti fọ̀, tí wọ́n wá fi ewé bò sínú agbọ̀n, tó ń rùn bí ilẹ̀ tútù àti igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Lábẹ́ rẹ̀ ni òórùn àwọn àdán inú àjà wà, àti ti pákó àtijọ́ tí oòrùn ti yan fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì ni, amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́. Páànù rẹ̀ ti pọ́n bí epo, fèrèsé òkè kan sì ti yẹ̀ kúrò lára férémù, ó so rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo dúró, mò ń wò ó, mo sì ń bi ara mi pé kí ni mo retí láti rí gan-an.

Ọlọ́kadà tó gbé mi kò gbà láti já mi síwájú ilé. Ìkòríta ló dúró sí, kò sì pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

"Bùrọ̀dá, ẹ fún mi lówó mi báyìí o," ó ní. "Tí ẹ bá ti wọ ibẹ̀ yẹn, mi ò mọ irú ẹni tó máa jáde. Èmi kì í gbowó lọ́wọ́ òkú."

Mo bi í bóyá òun fúnra rẹ̀ ti rí nǹkan kan níbẹ̀ rí. Ó ní rárá, ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ òun ló rí i. Èyí kò yà mí lẹ́nu. Láti ìgbà tí mo ti ń gbọ́ ìtàn ilé náà, n kò tíì pàdé ẹnikẹ́ni tó fi ojú ara rẹ̀ rí ohunkóhun. Ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ ẹlòmíràn ló máa ń rí i.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ nígbà náà. Mo wà nílé wa ní Ìkẹ́nnẹ́, mò ń retí iṣẹ́ tí kò tètè dé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti rí ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́, ẹni jẹ́ẹ́jẹ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́bàá ìkòríta ńlá Ṣàgámù. Lọ́dọ̀ tiwa, ìdílé méjì kì í jókòó pọ̀ láìṣe ìwádìí. A ó rán ẹnì kan lọ sí àdúgbò ọkùnrin náà, yóò fọgbọ́n béèrè bóyá àrùn kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, bóyá wọ́n máa ń lu ìyàwó, bóyá wọ́n máa ń jà nídìí ogún. Ti ẹ̀gbọ́n mi kò dé orí ìbéèrè rárá. Bí ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ṣe gbọ́ ilé tí ọkùnrin náà ti wá, ó gbé abọ́ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Màkún, ní Ṣàgámù, ni wọ́n bí òun fúnra rẹ̀ sí kó tó wá sílé ọkọ ní Ìkẹ́nnẹ́.

"Ilé àkúdàáyà?" ó ní. "Ọmọ ọmọ mi kò ní bímọ fún òkú."

Bàbá mi kì í tako ìyá rẹ̀. Bí Ìyá Àgbà kò bá gbà, bàbá mi kò ní gba àwọn àna lálejò, bí kò bá sì gbà wọ́n lálejò, kò sí ìgbéyàwó. Ẹ̀gbọ́n mi kò pariwo, kò sunkún. Ó kàn ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè pé òun kò ní fẹ́ ẹlòmíràn, ohùn tó sì fi ń sọ ọ́ kò yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń sọ pé òjò máa rọ̀.

Ìtàn tí ìlú mọ̀ nìyí. Àjèjì kan, ará ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, wọ Màkún láyé ìgbà tí obì ń mówó wọlé dáadáa. Kò ní ìyekan níbẹ̀, kì í sì í sọ̀rọ̀ ilé. Ó ṣòwò obì, ó là, ó kọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì, ó fẹ́yàwó, ó bímọ. Lọ́jọ́ ọjà kan, oníṣòwò kan tó ti ìlú àjèjì náà wá ra obì rí i, ó ju agbọ̀n sílẹ̀, ó figbe ta pé òun jẹun níbi ìsìnkú ọkùnrin yìí. Àṣé ẹni tó ti kú níbì kan ló wá ń gbé níbòmíràn. Wọ́n ní bí àṣírí rẹ̀ ṣe tú, ó gba fèrèsé òkè pòórá, ẹnikẹ́ni kò sì fojú kàn án mọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń dún lórí pákó. Ní ọdún tí mo parí àgùnbánirọ̀ yẹn gan-an ni àwọn ọ̀dọ́ kan ya fọ́rán níwájú ilé náà, tó ń ti orí fóònù kan bọ́ sórí òmíràn títí tó fi dé orí Wáàsáàpù ìjọ màmá mi. Mo wò ó dáadáa. Igbe tó wà nínú rẹ̀, mo ti gbọ́ ọ rí nínú fíìmù. Ilẹ̀kùn ń dún, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ilẹ̀kùn kankan tó mì nínú àwòrán náà. Mo sọ bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ̀gbọ́n mi sì yíjú sí mi.

"Ìwọ ni kí wọ́n rán," ó ní. "Ìwọ tí o máa ń ka ara agolo mílíìkì tán kí o tó mu tíì. Bí òkú bá wà níbẹ̀ lóòótọ́, wàá ní kó mú ìwé ẹ̀rí wá."

Ìyá Àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n máa lọ, ṣùgbọ́n kí n rántí pé ohun tí gbogbo ìlú bá ń sọ, nǹkan wà níbẹ̀.

Ìyá arúgbó kan jókòó sórí àpótí lọ́dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa obì. Ìyá ìyá ọkọ àfẹ́sọ́nà ẹ̀gbọ́n mi ni, òun sì ni ọmọ kan ṣoṣo tí ọkùnrin tó kọ́lé náà bí. Mo dọ̀bálẹ̀. Kò gbójú sókè.

"Ṣé ìwọ ni wọ́n ní kó wá wo òkú?"

"Rárá mà, ẹ̀yin ni mo wá kí..."

"Má parọ́, ọmọ ilé ìwé. Dìde. Ó wà ní yàrá ọ̀hún, kì í rìnrìn-àjò."

Rẹ́mọ ìjìnlẹ̀ ló ń sọ, irú èyí tí àwa ọ̀dọ́ kò lè sọ dáadáa mọ́; bó ṣe yé mi ni mo ṣe ń kọ ọ́. Ó mú mi wọ yàrá ìsàlẹ̀. Sàréè kan wà láàárín rẹ̀, sìmẹ́ńtì rẹ̀ ń dán nítorí gbígbá ojoojúmọ́, wọ́n sì to àwọn agbọ̀n obì sórí rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn to ẹrù sórí tábìlì. Ibi tí mo ti ń wò ó ni nǹkan ti dún lókè, kò, kò, kò, láti igun kan dé ìkejì. Mo fò sẹ́yìn. Ìyá náà bú sẹ́rìn-ín.

"Ilé ń na ara ni. Oòrùn ti mú un. Bó bá wù ẹ́, gòkè lọ wò ó."

Mo gòkè. Eruku àti ìgbẹ́ àdán bo pákó náà lọ títí, kò sì sí ojú ẹsẹ̀ kankan nínú rẹ̀ àfi tèmi. Ooru páànù fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi padà. Mo dúró síbẹ̀ títí àwọn pákó náà fi tún dún, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, lójú mi kòrókòró, láìsí ẹni tó tẹ̀ wọ́n.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, ó ti bu omi sílẹ̀ fún mi. Ó sọ ìtàn náà bí ẹni tó ti múra rẹ̀ sílẹ̀ tipẹ́ tí kò sì sẹ́ni tó béèrè. Bàbá rẹ̀ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló jọ kúrò nílé lọ ṣòwò nígbà èwe wọn. Ìyá ọ̀rẹ́ náà fa ọmọ rẹ̀ lé e lọ́wọ́ nítorí pé òun ló dàgbà jù. Ọ̀rẹ́ náà ṣàìsàn lọ́nà, ó kú. Ilé jìnnà, òkú kò ṣeé gbé, bàbá rẹ̀ bá ṣe ohun tí wọ́n máa ń ṣe láyé ìgbà náà: ó gé irun àti èékánná olóògbé, ó dì í sínú aṣọ funfun, ó fi rán arìnrìn-àjò kan tó ń lọ sápá ọ̀hún kí wọ́n lè rí nǹkan sin nílé. Arìnrìn-àjò yìí kò délé. Ó gbé e fún ẹlòmíràn lójú ọ̀nà, ẹni yẹn sì mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ló kú, ṣùgbọ́n kò mọ èwo. Agbo ilé tí kò yẹ ló gbé e fún.

"Irun dúdú, èékánná funfun," ni ìyá náà wí. "Ta ló fẹ́ mọ tẹni tí í ṣe? Wọ́n sin bàbá mi, wọ́n ṣòkú rẹ̀, wọ́n jẹun. Ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń retí ọmọ."

Bàbá rẹ̀ kò padà sílé láti rí èyí. Kò lè fojú kan ìyá tó fa ọmọ lé e lọ́wọ́. Lẹ́yìn igbe ọjọ́ ọjà yẹn, kò sẹ́ni tó ra obì rẹ̀ mọ́, kò sẹ́ni tó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ibà mú un ní yàrá òkè ní àkókò òjò, ó sì kú. Wọ́n ránṣẹ́ sí àdúgbò, kò sẹ́ni tó wá. Mo bi í ìdí tí ìlú fi ní ó pòórá.

"Wọ́n ní àwọn kò rí òkú. Ṣé wọ́n wá wò ó ni?"

Mo ro ọ̀rọ̀ náà jálẹ̀ ọ̀nà. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni mo ní, ọ̀ràn náà sì kàn án gbọ̀ngbọ̀n. N kò rí ohun tó wà nínú sàréè. Ṣùgbọ́n ìtàn tirẹ̀ kò nílò fèrèsé tí ènìyàn ń gbà pòórá, ó sì ṣàlàyé gbogbo ohun tí ìtàn ìlú ṣàlàyé. Báyìí gan-an ni mo ṣe rò ó fún wọn nílé, pẹ̀lú ibi tó dá mi lójú àti ibi tí kò dá mi lójú. Bàbá mi ń mi orí. Ẹ̀gbọ́n mi ń wo ẹnu mi. Ìyá Àgbà gbọ́ nípa pákó, ó gbọ́ nípa irun àti èékánná, ojú rẹ̀ kò yí padà. Mo rò pé iṣẹ́ mi ti já sí asán.

Nígbà tí mo dákẹ́, ó béèrè ohun kan ṣoṣo.

"Ta ló wẹ òkú náà?"

"Ìyàwó rẹ̀ àti ìyá tí mo bá sọ̀rọ̀ yìí. Ó ní ìyá òun gbé orí dání, òun ń bu omi sí i. Ọmọdé ni nígbà náà."

Ìyá Àgbà yíjú kúrò lọ́dọ̀ mi. Ó wá ní, "Mo gbọ́ ẹkún ọmọ yẹn. Ìyá mi ti ilẹ̀kùn mọ́ wa, ó ní àwọn òkú ló ń ké." Ó fọwọ́ ti orúnkún, ó dìde. "Ẹ gbé mi lọ síbẹ̀."

Bàbá mi ló wa ọkọ̀. Bí a ṣe wọlé, ìyá náà fẹ́ dìde láti kí àlejò, ẹ̀rù sì hàn lójú rẹ̀, bóyá nítorí ó rò pé a wá kọ ọmọ òun ni. Ìyá Àgbà ti kọjá lára rẹ̀ wọ yàrá, ó fọwọ́ kan etí sàréè, ó sì yíjú padà. Kò dárúkọ ìgbéyàwó.

"Ẹ kú ará-fẹ́ra-kù o," ó ní.

Ìkíni tí a máa ń kí ẹni tí èèyàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni. Ìyá náà dúró bí ẹni tí kò gbọ́. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ di àpótí mú, ó fèsì bí àwọn ọlọ́fọ̀ ṣe máa ń fèsì: "Ẹ ṣé. A ò ní fi irú rẹ̀ san án fún yín." Ìgbà tó parí rẹ̀ tán ló tó sunkún.

Ẹ̀gbọ́n mi ti bí ọmọ méjì níbẹ̀ báyìí. Àwọn ọ̀dọ́ ṣì máa ń ya fọ́rán níwájú ilé náà, n kì í sì í bá wọn jiyàn. Àmọ́ nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ pé iwin wà nínú ilé kan, n kì í béèrè mọ́ pé ta ló rí i. Mo máa ń béèrè pé ta ló kú níbẹ̀, àti bóyá ẹnikẹ́ni lọ kí wọn.