Jáàkì Ìyá Mi àti Agbada Ìyáálé Rẹ̀

Mo rántí ìgbà tí mo fi ìmọ̀ yunifásítì tú ilé wa ká. Ìlú kékeré kan lẹ́yìn Ayétòrò ni ilé wà, èmi sì ń kọ́ nípa ìbáṣepọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè. Wọ́n ti kọ́ wa ní ohun tí wọ́n ń pè ní rìálísíìmù: pé kò sí ọba kankan lórí àwọn orílẹ̀-èdè, pé agbára ni kálukú ń wá fún ara rẹ̀, àti pé òmùgọ̀ ló ń gbẹ́kẹ̀ lé aládùúgbò. Mo gbé e mì láìjẹ ẹ́, mo sì gbé e wálé fún ọlidé.

Lẹ́yìn ikú bàbá wa, ìyá mi àti ìyáálé rẹ̀ jọ ń ṣe gàrí ni. Ìyá mi ló ni jáàkì tí wọ́n fi ń fún omi kúrò lára ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá ti lọ̀. Ìyáálé ló ni agbada tí wọ́n fi ń yan án. Àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni wọ́n ń bú ara wọn, tí wọ́n á sì jọ jẹun nínú abọ́ kan. Obìnrin kan tó máa ń ti Kútọnu wá lọ́jọ́ ọjà ló ń ra gbogbo gàrí wọn, òun nìkan sì ni oníbàárà tí wọ́n gbójú lé.

Èmi ọ̀mọ̀wé wò wọ́n, orílẹ̀-èdè méjì tí kò ní ìjọba ni mo rí. Mo pe ìyá mi sí kọ̀rọ̀.

"Màmá, bí Màmá Àgbà bá gbé agbada wọn lọ lọ́la ńkọ́?"

"Kí wọ́n gbé e lọ síbo?"

"Ẹ má wo ẹ̀rín ẹnu wọn o. Ohun tí wọ́n lágbára láti ṣe ni kí ẹ máa wò."

Ó fi mí rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àgádágodo ti wà lára jáàkì. Ìyáálé rí i, ó kàn gbé agbada rẹ̀ wọ yàrá. Ìyá mi ra àgádágodo tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìyáálé lọ mú ajá wá. Inú mi ń dùn ṣìnkìn, nítorí bí olùkọ́ wa ṣe wí gẹ́lẹ́ ló ń rí.

Ẹ̀gẹ́ ò mọ rìálísíìmù ní tirẹ̀. Ti ìyá mi gbẹ, kò sí agbada tí yóò fi yan án. Ti ìyáálé ṣì ń kán tótó, kò sí jáàkì. Nígbà tí ọjọ́ ọjà máa fi pé, òórùn ti gba àdúgbò kan. Oníbàárà dé, ó fi etí ìborùn bo imú.

"Non, non, ẹ̀yin ìyá mi. Ìlaròó ni mo ń lọ."

Ẹ̀rù ba gbogbo wa. Bó bá rí gàrí gidi ní Ìlaròó, ó ti bọ́ lọ́wọ́ wọn nìyẹn. Ìyáálé yíjú sí ìyá mi.

"Ìyàwó, ta ló sọ fún ọ pé màá gbé agbada mi sá?"

Ìyá mi fi ẹnu júwe mi.

"Hẹ̀n-ẹ́n! Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Aláǹgbá wa rèé!"

Àwọn méjèèjì jọ wọ mọ́tò lọ bẹ oníbàárà wọn padà, ó sì gbà. Nígbà tí wọ́n dé, jáàkì àti agbada jáde síta. Àgádágodo ńlá bọ́ sẹ́nu kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ, ajá jókòó níwájú rẹ̀, èmi sì fi gbogbo ọlidé yan gàrí nínú èéfín. Ìwé wa sọ ọ́ pé bí ọ̀tá bá dé, àwọn tó ń bára wọn jà á di ọ̀kan. Kò kàn sọ fún mi pé èmi ni ọ̀tá náà ni.

Èmi náà ti di olùkọ́ báyìí, ẹ̀kọ́ yẹn kan náà ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ. Ọyẹ́ tó kọjá ni ìyáálé kú. Jáàkì àti agbada, ìyá mi nìkan ló ni méjèèjì; gbogbo agbára ti di tirẹ̀ báyìí, kò sẹ́ni tó lè dojú kọ ọ́. Nígbà tí mo lọ kí i, mo rí i pé ìpẹtà ti bo agbada.

"Màmá, ẹ ò yan gàrí mọ́ ni?"

Ó fọwọ́ nu etí agbada náà. "Ta ni kí n máa bú tí mo bá ń yan án?"

Gàrí tí a rà lọ́jà la mu lọ́jọ́ náà.